Bí Mọ́tò Bàbá Ẹ Ṣe Mí Sínú Aago Ọlọ́wọ́-Kan

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ o. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara ẹ le, ṣé yàrá tí ò ń gbé kò jò mọ́, ṣé ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ ti tújú ká? Ọlọ́run tó ń mú ẹ gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà yẹn lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ yẹ̀. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí, ẹni tó bá fẹ́ wò ẹ́ níwòkuwò á rí nǹkan mìíràn wò. Àmín. Gbogbo wa nílé ń dúpẹ́. Páànù ilé ìdáná tí ìjì gbé lọ, a ti rí i lẹ́yìn iléèwé, a sì ti kàn án padà. Ewúrẹ́ ti bí méjì, àwọn méjèèjì jọ ìyá wọn, wọn ò gbọ́ràn.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù bí o ṣe kọ́ mi. Mo gbìyànjú ẹ̀ o. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, mo kí i, mo ní ẹ kú ilé, mo wá dákẹ́ kó lè dá mi lóhùn. Kò dáhùn. Mo tún kí i, kò dáhùn. Mo wá rò ó pé bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ni mo bá gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì pé kó jẹun tán ná. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, ó ti kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò bàbá ẹ ni. Láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ara mọ́tò náà kò ti yá. Tó bá wà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Tó bá dé ẹsẹ̀ òkè tó lọ sí ọsibítù, á dúró, àwọn èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gun òkè, bàbá ẹ á wá máa wọ́ mọ́tò òfìfo bọ̀ lẹ́yìn wọn. Obìnrin kan tó lóyún oṣù mẹ́jọ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní owó mọ́tò lòun san, òun ò san owó ìrìn. Bàbá ẹ ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó kí wọ́n tó rí owó mọ́tò náà kó jọ, èrò ò sì sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀ rí láìdé ibi tó ń lọ.

O rántí Bàbá Elétí, mẹ́káníìkì ìdí afárá, tí wọ́n máa ń fi ẹnu sikúdíráfà kan ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á fi ìdí ẹ̀ kan etí, tí wọ́n á dijú, tí wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Bàbá ẹ pè wọ́n. Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n tún tẹ́tí sí i, wọ́n ní kábúrétọ̀ ló dọ̀tí, wọ́n fọ kábúrétọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ́tí sí i títí, mo rò pé wọ́n ti sùn lọ, ni wọ́n bá dìde, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti kú, inú ẹ̀ ti jẹ tán, ká ra òmíràn tàbí ká ta mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì òmíràn kì í ṣe ohun tí agbára wa ká. Ni àbúrò bàbá ẹ bá mú ọkùnrin kan wá tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì dá ọjọ́ Tọ́sìdeè pé ó máa gbé ọkọ̀ ńlá wá wọ́ ọ lọ. Bàbá ẹ fọ mọ́tò náà tinú tẹ̀yìn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún nígbà tí wọ́n máa lọ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n ní kò dáa kó bá ẹlòmíì lọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo lọ ra ọṣẹ nígboro. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí obìnrin kan lábẹ́ páànù létí títì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ aró, ó ti kó irun ẹ̀ sábẹ́ fìlà, ó ń yí ohun kan wọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan. Aago lohun náà, ó ní rọ́bà gígùn bí ìrù, àmọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lójú ẹ̀. O mọ̀ mí, ẹsẹ̀ mi kì í kọjá ohun tí ojú mi ò bá rí rí. Mo kí i kú iṣẹ́, mo ní jọ̀ọ́, aago mélòó ló wí? Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, kì í ṣe àkókò ló ń sọ, èémí ló ń kà. Mo ní èémí ta? Ó ní èémí ẹ́ńjìnnì. Mo gbé ọṣẹ mi kalẹ̀.

Ó ní yàrá mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, sílíńdà ni wọ́n ń pè é. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, irin kan wà tó ń lọ sókè sódò, písítìnnì nìyẹn. Tó bá ń lọ sókè, á fún atẹ́gùn mọ́ òrùlé yàrá náà, tí atẹ́gùn bá há dáadáa tí iná wá kàn án, á bú gbàù, á ti písítìnnì padà wálẹ̀, agbára yẹn ló ń yí táyà. Tí atẹ́gùn bá ti rí ibi gbà sá, agbára ti bá a lọ nìyẹn. Ó bi mí pé ṣé mo ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu páǹpù kẹ̀kẹ́ rí. Mo ní mo dí i rí, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń gun kẹ̀kẹ́. Ó ní ṣé atẹ́gùn yẹn ti àtàǹpàkò mi? Mo ní ó tì í gan-an. Ó ní àtàǹpàkò ni aago òun náà, ó kàn jẹ́ pé àtàǹpàkò tó mọ nọ́ńbà ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìdánwò náà ni kọmpírẹ́ṣọ̀n.

Ọmọ mi, mo dúró síbẹ̀, mo ń ronú. Mo ní a jẹ́ pé gbogbo ọdún tí a ti ń wọ mọ́tò, ẹni mẹ́rin ló ń mí níwájú wa, a ò sì kí wọn rí. Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé aago náà lè mọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Ó ní ó lè mọ èyí tó kú, ó lè mọ èyí tó ń díbọ́n, ó tún lè mọ èyí tí wọ́n kàn purọ́ ikú mọ́. Ó ní torí pé òun kì í tú ẹ́ńjìnnì tí òun ò bá tíì wọ̀n ni wọ́n ṣe ń pe òun ní Jẹ́-Ká-Wọ̀n-Ọ́n. Mo sọ ibi tí ilé wa wà fún un. Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ọṣẹ.

Bàbá ẹ kò fẹ́. Wọ́n ní Bàbá Elétí ti sọ̀rọ̀, kí ni ẹni tó ń gbé aago kiri tún fẹ́ rí. Mo ní tó bá ti kú lóòótọ́, kí la máa pàdánù tí wọ́n bá tún wò ó? Wọ́n dákẹ́. O mọ̀ pé tí bàbá ẹ bá ti dákẹ́, wọ́n ti gbà, wọn ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu wọn ló ti jáde.

Jẹ́-Ká-Wọ̀n-Ọ́n dé láàárọ̀ Wẹ́sìdeè. Kò pẹ́ sígbà tó dé ni Bàbá Elétí náà yọ, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Ilé wa ló kẹ́yìn ọ̀nà, kò síbi tí èèyàn lè kọjá lọ níbẹ̀, àmọ́ mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dojú kóròbà dé, wọ́n jókòó lé e, wọ́n káwọ́ gbera.

Obìnrin náà kọ́kọ́ ṣáná sí mọ́tò, ó jẹ́ kó gbóná díẹ̀, ó wá pa á. Ó yọ wáyà tó ń gbé iná wá kó má baà ṣáná mọ́. Ó wá tú àwọn púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n pọ̀. Mo bi í pé ṣé eyín ẹ̀ nìyẹn. Ó ní Màmá, tí ẹ bá fẹ́ pè é ní eyín, kò burú. Ó yí ìrù aago sínú ihò àkọ́kọ́. Ó wá ní òun ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó síwájú, tó máa tẹ gáàsì mọ́lẹ̀ pátápátá kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, tó sì máa yí kọ́kọ́rọ́. Bàbá ẹ fẹ́ lọ jókòó, àmọ́ àwọn ló bá wa ti mọ́tò kúrò lábẹ́ igi, wọ́n sì ṣì fara ti ògiri, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ṣẹ́wọ́ sí mi. Ọmọ mi, ọdún méjìlélógún ni mọ́tò yẹn ti wà nílé, mi ò jókòó síbẹ̀ rí. Mo tún ìró mi so. Mo wọlé. Mo tẹ gáàsì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó tẹ ejò lórí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń ṣe hùn, hùn, hùn, kò ṣáná, kò sì yẹ kó ṣáná. Obìnrin náà ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ aago fò, ó dé ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó ní ó tó. Ó ní àádọ́jọ. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ó bọ́ sí yàrá kejì, ó ní márùndínláàádọ́rin. Yàrá kẹta, ọgọ́ta. Yàrá kẹrin, méjìdínláàádọ́jọ. Ó wo kàlẹ́ńdà náà, ó gbọnrí. Mo yọrí jáde lójú wíńdò, mo bi í pé kí ló ń gbọnrí sí, ṣebí márùndínláàádọ́rin ti yege, nígbà tí ìwọ gbà á nínú ìṣirò, bàtà tuntun la rà fún ẹ. Ó ní nínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege, àwọn yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn ni. Bàbá Elétí gba ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ní ṣebí àwọn ti sọ, inú ẹ̀ ti jẹ.

Obìnrin náà ò bá wọn jiyàn. Ó ní ohun tó kù láti ṣe ni ká da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú àwọn yàrá méjì yẹn, ká tún wọ̀n wọ́n. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi torí mi ò jẹ́ kó sinmi. Ó ní àwọn òrùka kan wà lára písítìnnì, ríìngì, àwọn ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ti jẹ, epo tí a dà síbẹ̀ á bá wọn dí àlàfo náà fúngbà díẹ̀, nọ́ńbà á gòkè. Tó bá gòkè, a jẹ́ pé òótọ́ ni Bàbá Elétí sọ, gbogbo ẹ́ńjìnnì la máa tú. Tí kò bá gòkè, a jẹ́ pé ibòmíràn ni atẹ́gùn ń gbà sá. Mo há a sórí báyìí: tó bá gòkè, wàhálà dé, tó bá dúró, ọpẹ́ ni. Ó fi ìdérí ìgò bu epo sí i. Mo tún tẹ gáàsì mọ́lẹ̀, mo ń bẹ nọ́ńbà pé jọ̀ọ́, dúró síbi tó o wà. Yàrá kejì, mẹ́tàdínláàádọ́rin. Yàrá kẹta, ọgọ́ta géérégé.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní yàrá méjì tó fara kan ara wọn ló ń ṣàìsàn, ríìngì kọ́, a jẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀ ló ti jó lu láàárín àwọn méjèèjì, tí atẹ́gùn ti yàrá kan ń sá wọ èkejì, bí ilé ayálégbé méjì tí ògiri àárín wọn ti wó. Ó ní ẹ́ńjìnnì ò kú. Ká ṣí orí ẹ̀, ká wò ó bóyá ó ṣì tẹ́jú, ká sì ra gáskẹ́ẹ̀tì, ó tán.

Bàbá Elétí dìde lórí kóròbà, wọ́n lọ mú aago náà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé méjì ò dára, àwọn kàn rò pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń lọ ni. Wọ́n wá bi obìnrin náà jẹ́ẹ́jẹ́ pé tó bá fẹ́ ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ṣé àwọn lè wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, Bàbá. Bàbá ẹ lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé, ojú wọn pọ́n.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí náà fara balẹ̀ kà á.

Bí obìnrin náà ṣe ń kó irinṣẹ́ ẹ̀, mo ń wo aago yẹn, mo ń wo bàbá ẹ. Mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní eruku ọ̀nà ni. Mo ní jọ̀ọ́, kó tó di aago ẹ̀ sínú àpótí, ṣé kò lè bá mi wọn bàbá yìí? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ẹ náà fẹ́ ṣàwàdà, wọ́n gba rọ́bà náà, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n fẹ́ ẹ tagbára tagbára. Ọwọ́ aago ò mira. Obìnrin náà ní kò sí èèyàn tó lè mì í, ó gbà á, òun náà fẹ́ ẹ, kò mira, ó ní ẹ ò rí i bí. Àmọ́ ìgbà tó fi máa yíjú padà, ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bàbá ẹ. Wọ́n wúkọ́ títí, wọ́n fọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ètè wọn ṣú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá Elétí ló kọ́kọ́ rìn lọ bá wọn. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gbé etí lé ẹ̀yìn wọn, wọ́n dijú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún mọ́tò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá sọ pé ó ti tó ọdún kan tí àwọn ti ń gbọ́ ohùn kan nínú àyà ọ̀rẹ́ àwọn, ó ń súfèé, àwọn ò sọ torí kò sẹ́ni tó pe àwọn sí i. Wọ́n ní àwọn ti ṣìnà lórí mọ́tò, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbára lé etí àwọn nìkan lórí eléyìí. Jẹ́-Ká-Wọ̀n-Ọ́n ní Bàbá, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n yín, ká yéé méfò. Bàbá ẹ ní àwọn á lọ tí mọ́tò bá dáa, àwọn ò ní fẹsẹ̀ rìn lọ bá dókítà pé àwọn ò lè rìn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, onírin àlòkù gbé ọkọ̀ ńlá ẹ̀ dé, ó bá orí ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì wa, ó bá àgbà mẹ́káníìkì àti obìnrin yẹn, àwọn méjèèjì tẹrí ba lórí gáskẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ń fi ìka tọ ibi dúdú kan tí kò ju èékánná lọ. Mo ní kó máa lọ, aláìsàn ò kú. Ó bínú díẹ̀, mo fún un lómi, ó mu ún, ó lọ. Nígbà tó fi máa di Sátidé, mọ́tò ti ń mí. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ ara wọn, èmi ni mo tẹ gáàsì.

Mọ́ńdè la lọ. Mọ́tò gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá ẹ ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì. Ní ọsibítù, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, nọ́ọ̀sì ní kí n bá wọn kọ ọ́. Ó ní ta ló sún mọ́ aláìsàn jù. Mo kọ orúkọ aládùúgbò wa, ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Ó tún ní ohun tí ara aláìsàn ò gbà. Bàbá ẹ ní kí n kọ àbúrò àwọn. Mo kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kà á, ó wò wá, ó fún wa ní fọ́ọ̀mù tuntun.

Nígbà tí a wọlé, dókítà gbọ́ àyà wọn bí Bàbá Elétí ṣe gbọ́ ọ. Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú páìpù oníke kan jáde, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kí bàbá ẹ fa èémí dáadáa kí wọ́n fẹ́ ẹ gidi. Ọmọ mi, mo dìde dúró. Mo ní dókítà, kọmpírẹ́ṣọ̀n! Ó ní kí ni mo wí? Mo ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fẹ́ bi í pé níbo ni mo máa jókòó sí láti tẹ gáàsì. Ó ní kí n jókòó sórí àga. Bàbá ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó ga jù ni igba ó lé mẹ́wàá. Dókítà ní ó kéré fún ẹni tó ga tó wọn. Ó wá mú agolo kékeré kan, ó ní kí wọ́n fi ẹnu fa oògùn inú ẹ̀ wọ àyà, ká dúró díẹ̀, ká tún fẹ́ ẹ.

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Epo ló ń dà sí i.

A jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń ṣe ni mo di àga mú. Mo ń sọ nínú mi pé nọ́ńbà, jọ̀ọ́, má gòkè, dúró síbi tó o wà. Bàbá ẹ fẹ́ páìpù. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún! Mo bú sẹ́kún. Mo ní yéè, ríìngì ti jẹ, wọ́n máa tú bàbá ọmọ mi. Mo bẹ dókítà pé kó má là wọ́n, àwọn yàrá tó kù ṣì dáa. Ó dìde, ó ń bi nọ́ọ̀sì pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Màmá. Bàbá ẹ ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mọ́tò fún un látòkèdélẹ̀. Dókítà yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ó wá jókòó síwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Màmá, ti èèyàn yàtọ̀ sí ti mọ́tò, ti èèyàn, tó bá gòkè, ọpẹ́ ni. Ó ní ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi ọdún mọ́kàndínlógún fà símú ló jẹ́ kí ọ̀nà atẹ́gùn wọn wú, tó ń fún pọ̀. Ó ní bí oògùn ṣe ṣí i yẹn, ó fi hàn pé ọ̀nà náà ṣì lè ṣí. Ká ní kò gòkè ni òun ì bá máa ronú. Mo tún sunkún, àmọ́ èyí yàtọ̀.

Wọ́n ti ń lo oògùn báyìí, èyí tí wọ́n ń fà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ wà, èyí tó wà fún ọjọ́ tí àyà bá há wà lọ́tọ̀. Dókítà fún wa ní páìpù náà pé kí wọ́n máa fẹ́ ẹ láràárọ̀, kí n máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan fún ẹ. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni bàbá ẹ ti ń sùn lórí àga, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ń gbóná. Mo gbà wọ́n gbọ́ o, mo tiẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì síbi wíńdò. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè tó kọjá, mo wọlé, mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n nà gbọọrọ, wọ́n ń sùn. Mi ò gbọ́ ìró kankan, ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ọwọ́ lé àyà wọn. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Mo dúró síbẹ̀ títí iṣu tí mo gbé kaná fi jóná.

Ní báyìí, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, oògùn tí wọ́n ń fà láràárọ̀ yẹn ò ní pẹ́ tán. Má fi sí báǹkì o. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní owó mi wà lọ́wọ́ àwọn, mo ní kó jẹ́ kí n kàn fojú rí i, kí n dá a padà, ó kọ̀. Fún ẹ̀gbọ́n ẹ tó bá ń bọ̀. Tí o bá sì rí ibi tí wọ́n ti ń ta aago ọlọ́wọ́-kan yẹn nígboro ọ̀dọ̀ yín, bá mi ra ọ̀kan fún Bàbá Elétí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bi mí pé èló ni.

Ohun tó kù rèé. Bàbá ẹ ò mọ̀ pé mo sọ ọ̀rọ̀ àyà wọn fún ẹ. Wọ́n ní kí n má dá ẹ lágara níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́, kí n kọ ti mọ́tò nìkan. Wọ́n wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò báyìí, ni mo ṣe ráyè kọ gbogbo èyí. O mọ̀ pé àwọn ló máa ń ka èsì ẹ sókè sétí gbogbo ilé. Torí náà, tó o bá ń fèsì, mọ́tò nìkan ni kí o béèrè. Bi mí pé báwo ni mọ́tò ṣe ń mí, èmi á kọ nọ́ńbà àárọ̀ ọjọ́ náà sí ẹ. Tó o bá rí i pé mo kọ ọ́ pé mọ́tò gba ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì, má bi mí pé mọ́tò wo ló ń gba irú ẹ̀. Ṣáà yọ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa, kò ní jẹ́ kí ohun tó ń fún ẹ lágbára rí ibi gbà sá. Èémí ẹ á gùn, ọ̀nà ẹ á ṣí. Wọ́n ti ń fọn fèrè níta, bàbá ẹ ti dé. Mo ń di lẹ́tà báyìí.

Èmi ni ìyá ẹ, tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láràárọ̀.